Ẹ Jẹ́ Kí Gíláàsì Tutù Kí A Tó Béèrè Owó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n jẹ ẹgbẹ́ ní èlé. Àwọn yẹn mọ ara wọn, lẹ́tà mi sì ti dé ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa márùn-ún tí wọ́n ń da ère gíláàsì aláràbarà ni, nítorí pé a ó dìbò lórí owó tí wọ́n fẹ́ yá ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti pinnu láti ilé pé ẹ kò ní gbà.

Mo mọ ohun tó ń bí yín nínú. Ní ìparí ọdún 2023, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ní kí wọ́n ṣe ẹyẹlé gíláàsì 24, tí a ó fi dá àwọn tó ti pé ogún ọdún nínú ẹgbẹ́ lọ́lá. Mẹ́sàn-án péré ló débi ayẹyẹ láìní àbùkù. Mẹ́tàlá ti sán nínú ìléru tàbí nígbà tí wọ́n ń lọ̀ wọ́n. Méjì tó kù sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú, a sì fún àwọn tó ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀kan nínú méjèèjì là sí méjì gbáà lórí tẹlifíṣọ̀n ìyá wa kan lóru, tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ rántí ariwo tó tẹ̀lé e. Àwọn kan ní àmì ni. Ẹnì kan tilẹ̀ gba màmá níyànjú pé kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Kì í ṣe àmì. Ìkánjú ni, ẹni tó sì kánjú jù ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sílẹ̀ fún wa nígbà yẹn, nọ́ńbà 4 lórí ìwé wọn ni òṣùwọ̀n ìgbóná, ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki wáyà rẹ̀ bọ inú ìléru láti mọ bí iná ti gbóná tó. Ìgbìmọ̀ ní ohun ọ̀ṣọ́ ni, pé ojú ni ìyá onídòdò fi ń mọ̀ bí òróró bá ti gbóná. A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo mú bíírò pupa, tí mo fagi lé e. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ayẹyẹ kù ọ̀sẹ̀ kan, èmi náà ni mo kọ̀wé sí wọn pé bí ẹyẹlé kò bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, a ó dá owó wọn dúró. Wọ́n ṣí ìléru lọ́jọ́bọ̀. Gíláàsì ṣì gbóná nínú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí díẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a ti ń da omi sínú kọ́ọ̀pù kó lè di yìnyín ni. Mo lọ jókòó tì wọ́n ní ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ bíi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì rí i fúnra mi.

Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ère náà. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bí àwọn àgbà Ifẹ̀ ṣe da àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 nìyẹn: wọ́n fi ìda mọ ọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná yọ́ ìda jáde, idẹ sì wọlé dípò rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kò lo amọ̀. P.O.P. ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe òkè inú yàrá ń lò, wọ́n á sì pò ó mọ́ iyanrìn funfun tí wọ́n lọ̀ kúná bí ẹ̀lùbọ́, ìdajì sí ìdajì lórí òṣùwọ̀n kílò, nítorí pé P.O.P. nìkan kò lè fara da iná náà. Bí ó bá ti le tán, wọ́n á dojú mọ́ọ̀dù náà kọ ooru omi gbígbóná, ìda á yọ́ jáde, ihò tó rí bí ẹyẹlé á sì kù sínú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye gíláàsì tí yóò kún ihò náà? Ẹ̀yin oníṣòwò, èyí á dùn mọ́ yín. Wọ́n á bu omi kún un, wọ́n á da omi náà padà sínú ike, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Bí omi bá jẹ́ kílò kan, gíláàsì kílò méjì ààbọ̀ ni yóò gbà, nítorí bí gíláàsì ti wúwo ju omi lọ nìyẹn. Kò sí àbá níbẹ̀, ìṣirò ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kí mọ́ọ̀dù gbẹ dáadáa, wọ́n á kó àfọ́kù ìgò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á gbé e sínú ìléru.

Iná á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá 800 dígírì. Gíláàsì kì í ṣàn bí omi o. Ó ń wọ́ bí oyin ìgbà ọyẹ́. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó wọnú apá ẹyẹ àti ẹnu rẹ̀ tán. Ibí yìí ni ojú àwọn olùwòran máa ń mọ, tí a máa ń pàtẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣòro ni títutù. Ara ère tó wà lóde máa ń kọ́kọ́ tutù, á sì le. Inú ṣì gbóná, ó ṣì rọ̀. Nígbà tí inú bá wá fẹ́ tutù, ó fẹ́ sún kì, ṣùgbọ́n ara òde ti le, kò gbà fún un. Wọ́n á wá máa fa ara wọn bí ẹni méjì tó di aṣọ kan mú ní ọjà. Ó lè jẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni yóò fi ya, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lórí tẹlifíṣọ̀n màmá. Oògùn rẹ̀ ni kí a dá iná dúró nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 500 dígírì lé díẹ̀, kí inú àti òde lè gbóná bákan náà, kí a sì wá rọra máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ 550 sí 450. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ òṣùwọ̀n ìgbóná sí nọ́ńbà 4, kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí: bí ère bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí yóò fi tutù kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Èyí tó nípọn ìka kan lè tutù ní òru kan, èyí tó nípọn ìka mẹ́rin lè gba ọjọ́ púpọ̀. Kò sí àdúrà, kò sì sí lẹ́tà akọ̀wé tó lè yí i padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìmọṣẹ́ àwọn ọmọ wa ló fà á, kó gbọ́ ti àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1934, ní ìlú Corning ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n fẹ́ da gíláàsì ńlá kan tí wọn yóò fi ṣe dígí awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 ínṣì, ìyẹn bíi mítà márùn-ún. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà ní oṣù kẹta bàjẹ́, nítorí pé àwọn ohun kan tí wọ́n dè mọ́ inú mọ́ọ̀dù já kúrò, wọ́n léfòó sókè. Wọ́n tún dà á ní oṣù kejìlá. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi jẹ́ kó tutù! Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí California ní ọdún 1936, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́, wọ́n ń dán an, ogun àgbáyé kejì dá wọn dúró, ọdún 1947 ni dídán rẹ̀ tó parí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Dídà rẹ̀ kò tó ọjọ́ kan. Èyí tó kù ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ohun kejì tó ba ẹyẹlé 2023 jẹ́ ni àwọ̀. Àwa la ní a fẹ́ àwọ̀ mẹ́ta lára ẹyẹ kan, kó lè bá àwọ̀ ẹgbẹ́ mu. Wọ́n wá kó ìgò funfun, ìgò aláwọ̀ ewé àti ìgò oògùn aláwọ̀ kọfí pọ̀. Ìgò kò dọ́gba, bí ẹ ti ń rí wọn yẹn. Iye tí ti ilé iṣẹ́ kan fi ń fẹ̀ nínú iná àti iye tó fi ń sún kì nígbà tó bá ń tutù lè yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí ọ̀kan sún kì ju èkejì lọ, ìjà ti dé nìyẹn. Bí ẹ tilẹ̀ fi oṣù kan tu irú ère bẹ́ẹ̀, yóò ṣì sán.

Mo ti wá rí ọ̀nà àbáyọ tó bọ́gbọ́n mu, kì í sì í ṣe èmi ni mo ronú kàn án. Ní ilẹ̀ Czechoslovakia àtijọ́, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Železný Brod, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Stanislav Libenský, òun àti ìyàwó rẹ̀ Jaroslava Brychtová. Ọkọ á ya àwòrán, ìyàwó á fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n á sì da gíláàsì sínú mọ́ọ̀dù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1955 títí ọkọ fi kú ní ọdún 2002, àwọn ère wọn sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n wọn: púpọ̀ nínú ère wọn, àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Ibi tó nípọn á dúdú, ibi tó fẹ́lẹ́ á mọ́lẹ̀, bíi aró tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí a rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àwọ̀ kan á wá dà bí àwọ̀ márùn-ún lójú ẹni tó ń wò ó. Ìgò láti ilé iṣẹ́ kan, àwọ̀ kan, kò sí ìjà. Àwọn ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹja aláwọ̀ ewé kan sì wà lọ́wọ́ wọn tí ìrù rẹ̀ mọ́ bí omi, tí àyà rẹ̀ sì ṣú bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Bí ẹni tó ń rajà bá sì ta kú pé búlúù lòun fẹ́, ọ̀nà wà. Wọ́n lè lọ ìgò funfun kúná, kí wọ́n pò ó mọ́ èròjà díẹ̀: kóbáàtì ń mú búlúù jáde, bàbà ń mú àwọ̀ ewé tó fara jọ omi òkun wá. Bí àwọn Krobo ní orílẹ̀-èdè Ghana ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ wọn nìyẹn. Àwọn kan nínú ẹ̀yin oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ ti dé Odumase, ẹ sì ti ná ọjà Ọjọ́bọ̀ ní Koforidua, ẹ mọ̀ ju mí lọ. Mọ́ọ̀dù amọ̀ oníhò púpọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń fi ẹfun pa inú ihò náà kí gíláàsì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń bu ẹ̀tù ìgò sínú rẹ̀, wọ́n á sì ki ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ sáàárín. Ọ̀pá ewé náà á jóná nínú ìléru, ihò okùn á sì kù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ṣé nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú iná ni ẹ máa ń rà á? Rárá o. Wọ́n á jókòó ti òkúta, wọ́n á fi iyanrìn àti omi fọ̀ ọ́, wọ́n á máa yí i lórí òkúta títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn kò tíì fi òkúta yí, ẹ kì í fojú rere wò ó. Ẹ mọ iye tí dídán tọ́ sí nígbà tó bá jẹ́ ti ará Ghana.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Mo ti rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, n kò ní dárúkọ, tí wọ́n lọ bá àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí wọ́n ní kí wọ́n kó ère fún àwọn bó ti jáde nínú mọ́ọ̀dù, láìlọ̀, láìdán, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, kí wọ́n sì kà á ní iye bí ẹni ń ka àgbàdo. Àwọn ọmọ náà gbà nítorí ebi àti nítorí owó ẹgbẹ́ tó ń dún lórí wọn lóṣooṣù. Ère tó bá jáde nínú mọ́ọ̀dù kò ní ojú. Ó funfun bí ẹni tó wẹ̀ tí kò pa ara, P.O.P. há sí i nínú ìyẹ́, ọrùn ibi tí gíláàsì gbà wọlé sì wà lórí rẹ̀ bí ìwo. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ayùn olómi gé ìwo yẹn. Wọ́n á wá fi ẹ̀tù òkúta líle àti omi lọ̀ ọ́ lórí pẹpẹ irin, nọ́ńbà 80 ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ 220, 400, 600. Bí a bá fo ọ̀kan, ìlà tí èyí tó ṣáájú fà kò ní lọ mọ́, ìgbà tí a bá sì dán an tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde láti dójú tini. Lẹ́yìn 600 ni wọ́n tó fi aṣọ òwú nínípọn àti ẹ̀tù kan tó ń jẹ́ cerium dán an. Mo ṣọ́ ẹyẹlé kan tó wúwo tó kílò kan àti díẹ̀. Kíkó gíláàsì sínú mọ́ọ̀dù gba òwúrọ̀ kan. Lílọ̀ àti dídán rẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹni tó bá ra èyí tí kò dán ní ìdajì owó kò ra ìdajì iṣẹ́. Ó ra ìdá márùn-ún rẹ̀, ó sì gba èrè ìyókù lọ́wọ́ ọmọ tó mú mọ́ọ̀dù, bó bá tilẹ̀ rí ẹni tí yóò dán an fún un. Mo sì ti rí i pé wọn kì í rí. Àwọn ère náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà wa títí di òní, eruku bò wọ́n, olówó wọn sì ń sọ káàkiri pé ère gíláàsì kò tà.

Àwọn àgbà kan ti bi mí pé ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ sọ àwọn ọmọ di òyìnbó, pé gíláàsì kì í ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú iṣẹ́ tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá gbé jáde ní ọdún 2017, ó fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni wọ́n wú jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, àti pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n yẹ ara gíláàsì ọ̀hún wò, ohun èlò inú rẹ̀ kò bá ti ilẹ̀ mìíràn mu. Ìyẹn ni pé àwọn bàbá wa kò ra gíláàsì yọ́ nìkan, wọ́n se é fúnra wọn láti inú iyanrìn àti òkúta. Èmi kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣe ni wọ́n ń fà á gùn bí okùn tí wọ́n á sì gé e. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi ìda da idẹ, tí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń se gíláàsì. Bí àwọn ọmọ wa bá wá so méjèèjì pọ̀ lónìí, ta ni ó kó wọn wọ ilẹ̀ àjèjì?

Ẹlòmíràn ní àwọ́ọ̀dù gíláàsì láti Ṣáínà pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni. Bí a bá fẹ́ fi owó pọ́ọ́kú bá wọn jà, wọn yóò nà wá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń rí lọ́jà, gíláàsì funfun gbalaja tí ẹ̀rọ kọ orúkọ sí ni. Kò sí ẹni tó ń ṣe orí onílà Ọ̀yọ́ tàbí ẹja àrọ̀ fún wa níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí yóò san owó rẹ̀, bí a kò bá gbé e síta ní ìháhá.

Nípa ti owó yíyá, ohun tí mo rò rèé. Òfin wa ní kí ẹni tó bá yáwó bẹ̀rẹ̀ sí í san án lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Òfin yẹn dára fún ẹni tó ń ra ìrẹsì, tó ń tà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún ẹni tó ń da gíláàsì, òfin náà ń sọ fún un lóṣooṣù pé, “Ṣí ìléru rẹ kó tó tutù.” Mo dábàá pé kí a fún wọn ní owó tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ fún bíríkì tó ń gba iná, gáàsì, ayùn, àti òṣùwọ̀n ìgbóná tí mo fagi lé nígbà kan, èyí tí yóò jẹ́ nọ́ńbà 1 lórí ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Èyí kejì kí ó tẹ̀ lé e nígbà tí a bá ti rí ère mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí kò ní wàhálà nínú. Kí sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Kí èlé rẹ̀ má yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn, nítorí àánú kọ́ la fẹ́ ṣe. Àwọn onídùúró wọn sì ti fọwọ́ sí i, mo ti yẹ ìpín wọn wò, ó tó.

Alága wa bi mí ní ìgbìmọ̀ pé báwo ni àwa tí a kì í ṣe oníṣẹ́ gíláàsì yóò ṣe mọ èyí tí kò ní wàhálà nínú. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn ọmọ náà fi ọgbọ́n kan hàn mí tó yà mí lẹ́nu. Ẹ mú gíláàsì ojú méjì tí a ń lò fún oòrùn, irú èyí tí wọ́n kọ “polarised” sí lára. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ fi èkejì dí i, kí ẹ máa yí i títí ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi ṣókùnkùn. Ẹ wá ki ère sáàárín méjèèjì. Bí gíláàsì bá ti tutù dáadáa, òkùnkùn náà yóò wà bó ṣe wà. Bí inú àti òde bá ṣì ń fa ara wọn, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yí ibẹ̀ ká, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọ̀ bí ti òṣùmàrè. Mo fi wo ọ̀kan nínú ẹyẹlé 2023 tó ṣẹ́kù. Ìmọ́lẹ̀ wà ní ọrùn rẹ̀. Mo ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má gbé e sí ibi tí ọmọdé ń sùn.

Ohun kan kù tí n kò fẹ́ kí a fi ṣeré, mo sì fẹ́ kó wọ inú ìwé àdéhùn. Eruku gíláàsì àti ti iyanrìn funfun tí wọ́n ń pò mọ́ P.O.P. yẹn kì í ṣe eruku lásán. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ó lè pẹ́ lọ́dún kó tó fi ara hàn, ìgbà tó bá sì fi ara hàn kò sí oògùn tó lè wò ó sàn. Nítorí náà, kí lílọ̀ máa wà nínú omi nígbà gbogbo, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ, kí ẹni tó ń pò P.O.P. wọ ìbòmú tó nípọn, kì í ṣe aṣọ ìnujú. Kí wọ́n má sì gbé ọmọ wọ ibẹ̀. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó ń fọ́ mọ́ọ̀dù, mo sì bá a wí bí bàbá rẹ̀ yóò ti bá a wí. Kó má bínú sí mi. Kí owó ìbòmú wà nínú owó yíyá, kí ẹnikẹ́ni má sì mú bíírò pupa fagi lé e.

Fún ẹ̀yin oníṣòwò, mo bẹ̀ yín pé láti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ má ra èyí tí kò tíì dán mọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí owó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ra díẹ̀ tó dán. Ẹgbẹ́ lè máa gba èyí tó bá ti yè sí ọ́fíìsì, kí a lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn ní ìdí, kí a sì pín in sí ìpele mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí kòkó, kí olùrajà lè mọ ohun tó ń sanwó fún. Bí ìpàdé bá gbà, èmi yóò tọ́jú ìwé rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ kún owó oṣù mi.

Ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ bí a ti máa ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹja aláwọ̀ ewé tí mo sọ yẹn àti ère méje mìíràn yóò wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì mi, pẹ̀lú ẹyẹlé kan láti ọdún 2023 fún àfiwé. Ẹ yà wá wò wọ́n bí ẹ bá ń ti ọjà bọ̀. Gíláàsì ojú méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹ ní kí n mú wọn jáde fún yín.